Ìwé Tí A Fọwọ́ Sí Kí Ẹrù Tó Dé Èbúté

Ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tí ó tẹ òkun lórí ba fún wa kí ọkọ̀ lè máa rìn lórí rẹ̀, kí á sì lè máa wá nínú oore Rẹ̀. À ń dúpẹ́ fún Un, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, à ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Mo jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìjọsìn àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, kò ní orogún. Mo sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi níyànjú ná kí n tó gba ẹ̀yin níyànjú: ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun ní ibi tí èèyàn ti ń rí wa, kí á sì páyà Rẹ̀ ní ibi tí ó jẹ́ pé Òun nìkan ni ó ń rí wa.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, arákùnrin kan nínú yín dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí yìí. Ó máa ń kó àwo àti ìkòkò ìdáná wọlé láti Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ó fẹ́ san owó ọjà tuntun, kọ̀ǹtẹ́nà kan odidi. Ajẹ́ńtì tí yóò bá a yọ ẹrù ní Àpápá ti sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ń tajà fún un kọ ìwé iye ọjà méjì. Ọ̀kan ni èyí tí iye tí ó san gan-an wà nínú rẹ̀, tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Èkejì ni èyí tí iye náà ti dín sí ìdajì, tí wọn yóò gbé síwájú àwọn aṣọ́bodè. Ó ní, “Ààfáà, gbogbo ọjà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èmi nìkan bá kọ òdodo, n kò ní lè tà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí n ó ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rà rí, tí kò sì tà rí. Ìdáhùn tí mo padà fún un ni mo gbé wá síwájú gbogbo yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ni ìbéèrè náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Owó bodè kì í ṣe iye tí aṣọ́bodè kàn fojú wọ̀n nígbà tí ó bá rí ẹrù. Láti ọdún 2015 ni Nàìjíríà ti ń lo ìpele márùn-ún tí òun àti àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ECOWAS fẹnu kò lé lórí. Àwọn ọjà kan wà tí a kì í san nǹkan kan lé lórí. Àwọn kan ń san 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye wọn, àwọn kan 10, àwọn kan 20, àwọn kan 35. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó orí ọjà tí ó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àti àwọn owó kéékèèké mìíràn. Iye tí wọ́n sì ń ṣírò lé lórí kì í ṣe iye tí a ra ọjà nìkan. Owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ìdójútòfò wà nínú rẹ̀. Kí ẹrù tó kúrò ní òkè òkun rárá ni oníṣòwò ti ń fọwọ́ sí ìwé tí à ń pè ní Fọ́ọ̀mù M ní báǹkì. Láti ara ìwé yẹn àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ni àwọn aṣọ́bodè ti ń ṣe ìwé ìṣirò tí à ń pè ní PAAR, èyí tí ó ti wà láti òpin ọdún 2013.

Ẹ rí i báyìí pé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: irú ọjà wo ni, mélòó ni, èló ni o rà á? Ta ni ó ń dáhùn? Ìwọ tí o ra ọjà ni. Ẹlẹ́rìí ni ọ́ lórí ara rẹ.

Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Bakrah, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jùlọ fún àwọn sàábé rẹ̀. Ó mẹ́nu ba ẹbọ ṣíṣe, ó mẹ́nu ba ṣíṣẹ òbí ẹni, ó sì fẹ̀yìn tì bí ó ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ èké àti ìjẹ́rìí èké, ó dìde jókòó dáadáa, ó sì ń tún un wí, ó ń tún un wí, títí àwọn sàábé fi ń rò ó nínú ọkàn wọn pé ì bá dára kí ó sinmi. Ìwé iye ọjà tí a gé sí ìdajì, tí a fọwọ́ sí, tí a tẹ òǹtẹ̀ lù, kí ni a fẹ́ pè é bí kì í bá ṣe ìjẹ́rìí èké? A kò tilẹ̀ dá a dá. A ní kí ẹlòmíràn ní òkè òkun, tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, bá wa kọ irọ́ náà. Kí ni ẹni yẹn yóò máa rò nípa Ìsìláàmù, nígbà tí orúkọ tí ó wà lókè ìwé irọ́ náà fi Alhaji bẹ̀rẹ̀?

Àwọn kan gbọ́n ju èyí lọ. Wọn kì í sọ pé kí ajẹ́ńtì purọ́. Wọn yóò kàn béèrè pé, “Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ títí ẹrù yóò fi dé ṣọ́ọ̀bù mi?” Bí ó bá ti dárúkọ iye kan, wọ́n á san án, wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ajẹ́ńtì rẹ ni ahọ́n rẹ ní èbúté. Ohun tí ó bá sọ lórí ẹrù rẹ, ìwọ ni o sọ ọ́.

Èmi náà kò mọ́ níbi èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú yín. Mo ra ọkọ̀ tòkùnbọ̀ kan, ó ti pẹ́, nígbà tí òfin ṣì gbà kí ọkọ̀ máa gba ojú ilẹ̀ wọlé láti Kútọnu, kí wọ́n tó dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Iye tí ẹni tí ó tà á fún mi pè kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó kéré. N kò béèrè ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àwọn aṣọ́bodè dá mi dúró lójú pópó, wọ́n yẹ ìwé ọkọ̀ wò, wọ́n ní ti ọkọ̀ mìíràn ni ìwé owó bodè tí ó wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní n kò mọ̀. Òtítọ́ ni pé n kò mọ̀. Òtítọ́ sì tún ni pé n kò fẹ́ mọ̀. Mo san owó bodè ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìtanràn, ó sì gbà mí ní oṣù mélòó kan kí n tó bọ́ nínú gbèsè rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ká ní ọjà kan wà tí iye rẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ìdójútòfò, jẹ́ 20,000 dọ́là, tí owó bodè rẹ̀ sì jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá sọ òdodo yóò san 4,000 dọ́là. Ẹni tí ó bá kọ 10,000 sínú ìwé yóò san 2,000. Ta ni ó ni 2,000 tí ó kù? Ẹ óò ní ìjọba ni, pé ìjọba kò sì ṣe nǹkan kan fún yín. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á fi ìjọba sílẹ̀ ná. Ẹ wo ẹni tí ó ń ta irú ọjà kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí ó san 4,000 nítorí pé ó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìwọ á tà á ní iye tí òun kò lè tà á láì pàdánù. Oníbàárà á rìn kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, á wá sọ́dọ̀ rẹ. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹfà, á ti ilẹ̀kùn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà wà ní ìlà ìrun kan náà pẹ̀lú rẹ lónìí, kí èjìká rẹ̀ kan èjìká rẹ. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súratul-Baqarah pé kí á máa fi èké jẹ dúkìá ara wa. Ara wa ni ó wí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn wọn pé, “Ṣebí Ànábì fúnra rẹ̀ bú agbowó-ibodè?” Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó wà nínú àkójọ Abu Dawud pé ẹni tí ń gba owó tí wọ́n ń pè ní makisi lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kò ní wọ àlùjánnà. Àlàyé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé owó àbòsí ni èyí, tí àwọn alágbára ìgbà àìmọ̀kan ń fi ipá gbà fún àpò ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ òde òní sì ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ìlú fi òfin gbé kalẹ̀ fún ọ̀nà, fún èbúté, fún ilé ìwòsàn àti ààbò. Àwọn mìíràn ṣì ń kọminú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá onímọ̀ kan ṣoṣo, nínú àwọn tí ó fara mọ́ ọn àti àwọn tí ó ń kọminú, tí ó sọ pé nítorí náà kí múmìní máa kọ ìwé èké, kí ó máa fún èèyàn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ó sì máa sọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ ìyá rẹ̀ di ahoro.

Àwa Yorùbá gan-an kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ owó bodè. Ìlú ńlá wo ni ó mọ odi ní ayé àwọn baba wa tí kò ní oníbodè? Ó ń jókòó sí ẹnu odi, ó ń gba owó ẹyọ lórí ẹrù tí ó ń wọlé. Ẹni tí ó bá sì fo odi lóru láti sá fún oníbodè, orúkọ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe oníṣòwò.

Nínú ìtàn Ìsìláàmù pẹ̀lú, ó wà nínú ìwé Abu Yusuf, ọmọ ẹ̀kọ́ Abu Hanifah, pé Abu Musa kọ̀wé sí Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé bí àwọn oníṣòwò wa bá lọ sí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Umar ní kí ó gba iye kan náà lọ́wọ́ àwọn tiwọn. Ní ti oníṣòwò tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ìdá kan nínú ogójì. Ó fi àwọn èèyàn sí ojú ọ̀nà láti máa gbà á.

Ẹ wá wo Ànábì Shu'aib nínú Súratul-A'raf. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ó bá àwọn oníṣòwò Madyan wí lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń dín kù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti kọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má máa jókòó sí gbogbo ojú ọ̀nà láti dẹ́rù ba èèyàn. Qurtubi gbà á wá nínú ìtumọ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Suddi pé agbowó lójú ọ̀nà ni wọ́n. Ànábì kan ṣoṣo, ìjọ kan ṣoṣo: ó dojú kọ ẹni tí ń rẹ́ni jẹ nínú ọjà, ó sì dojú kọ ẹni tí ń fi ipá gba owó lójú ọ̀nà. Kò lo ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan láti fi bo ti èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ibodè tí ẹ sì ń bá wa kírun níbí, ọ̀rọ̀ yín ni ó kàn. Ẹ rántí ẹni tí Ànábì rán láti lọ gba sàkáà àwọn ọmọ Sulaym, tí ó dé tí ó pín owó sí méjì, tí ó ní apá kan ti yín ni, apá kejì wọ́n fi ta èmi lọ́rẹ. Ojú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun korò. Ó gun mínbárì, ó sì béèrè ìdí tí ẹni náà kò fi jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, kí ó wá wò ó bóyá ọrẹ yóò bá a níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ẹrù tí ìwé rẹ̀ pé dúró, tí owó ìdádúró ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ẹni tí ó ni ín yóò fi wá “rí yín”, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ní irọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ẹni tí a fi àbòsí dí ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kò rí ọ̀nà mìíràn ju kí ó san nǹkan kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó jáde, orí ẹni tí ó gbà á ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má sáré mú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé o. Ẹ̀tọ́ ẹni ni wọ́n sọ. Kí ẹrù tí o purọ́ lé lórí tètè jáde kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ.

Ní ti àwọn ọjà tí òfin kọ̀ pátápátá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Adìyẹ inú yìnyín, ọ̀kírìkà, táyà àlòkù, wọ́n wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. Ìrẹsì kò sì gbọdọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọlé láti ọdún 2016. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ọ̀nà Ìdìrókò mọ bí ọkọ̀ fàyàwọ́ ṣe ń sáré lóru, ẹ sì mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá ń sọdá títì lọ́wọ́ náà. Ẹni tí ó ta táyà tí ó ti gbó fún awakọ̀, tí ó bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí wà lọ́rùn rẹ̀. Òògùn tí a fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú kọ̀ǹtẹ́nà, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ọmọ ta ni yóò mu ún?

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rẹ́ ṣíṣe fún mọ́sáláṣí lè fọ irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ta wá lọ́rẹ ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin. Ìgbìmọ̀ béèrè ìwé wọn, wọ́n rí i pé àlòkù tí òfin kọ̀ ni. Wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń làágùn níbí lónìí, ẹ má bínú sí ìgbìmọ̀.

Ẹ ó béèrè pé, èyí tí ó ti kọjá ńkọ́? Tuubá lórí ẹ̀tọ́ èèyàn kò parí sí ẹnu. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ẹ wá ajẹ́ńtì olóòótọ́ tàbí agbẹjọ́rò, kí ẹ lọ béèrè ọ̀nà tí ẹ fi lè san èyí tí ó kù. Ibi tí ọ̀nà bá ti dí pátápátá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí á ná iye náà sí ohun tí gbogbo ìlú ń jàǹfààní rẹ̀, kànga tàbí ọ̀nà, láì retí láádá sàráà lórí rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe owó wa.

Arákùnrin wa náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. A jókòó sẹ́yìn mọ́sáláṣí pẹ̀lú bébà àti bírò. A kọ owó tí ó yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, a kọ owó bodè tòótọ́, a kọ owó ọkọ̀ akẹ́rù. Èrè tí ó kù kéré, ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó kù. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Ó dágbére fún ajẹ́ńtì náà, ó wá òmíràn, ó kọ iye tí ó rà á. Ẹrù rẹ̀ ti wọlé. N kò ní purọ́ fún yín lórí mínbárì pé owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ọjà rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Ó kàn sọ fún mi ní àárọ̀ Ọjọ́rú pé aṣọ́bodè ya ṣọ́ọ̀bù wọn, tí gbogbo ènìyàn ń sá, tí òun sì jókòó. Ó ní òun ń jẹ ẹ̀bà ni nígbà náà, òun sì jẹ ẹ́ tán.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.

Apá kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ajẹ́ńtì olóòótọ́, lẹ́yìn ìrun, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé mọ́sáláṣí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo má baà máa wá wọn kiri. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní owó, ẹ wo ẹni tí òdodo ti sọ di onígbèsè láàárín wa, kí ẹ yá a láì gba èlé.

Ọlọ́hun, tú ẹrù tí wọ́n fi àbòsí dá dúró sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Mú ẹrù tí ó wà lójú omi gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Fi èyí tí ó mọ́ tó wa, kí á má baà na ọwọ́ sí èyí tí kò mọ́. Fún àwọn aṣọ́bodè wa ní ọkàn tí ó lè kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí O sì fún àwọn oníṣòwò wa ní ọwọ́ tí kò ní gbé e fún wọn. Ṣàánú àwọn òbí wa. Dáríjì wá. Àmín.

Ẹ dìde sí ìrun. Ẹ to ìlà yín gún, kí èjìká kan èjìká.